Òjò ń wó o, ọwọ́ ń tún un mọ: ère inú igbó Ọ̀ṣun

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà òjò tó kọjá. Ọmọ kan tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi ló dá a sílẹ̀. Ọmọ ọdún 21 ni, iṣẹ́ wáyà iná ló ń kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì máa ń wá jókòó tì mí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àwa méjèèjì jọ lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ilẹ̀ ṣì tutù, omi ń kán láti ara ewé, àwọn ọ̀bọ ń fò láti orí igi kan sí èkejì. A dé ìdí ère kan tí apá rẹ̀ kan ti já. Irin tó wà nínú apá náà ti yọ síta, ó ti dípẹtà. Ohun tútù tó máa ń hù lára ògiri lásìkò òjò ti bo èjìká ère náà pátápátá, ó wá dà bí ẹni tó da aṣọ àrán bora.

Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Bí òrìṣà bá ń gbé inú ère yìí, kí ló dé tí kò lè gba apá ara rẹ̀ lọ́wọ́ òjò?”

Ẹ má rò pé ó ń fi òrìṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́, “Bàbá oníṣègùn” ni wọ́n fi ń pè é, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá tó bí i ti gba ẹ̀sìn mìíràn, ó sì ń fi omijé bẹ̀ ẹ́ pé kó jáwọ́ nínú tiwa. Ọmọ tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, tó wá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá fi ìbínú dá a lóhùn, ó lọ nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sétí odò ná. Láti ọjọ́ náà ni gbèsè ìdáhùn ti wà lọ́rùn mi. Ohun tó sì jẹ́ kí gbèsè ọ̀hún wúwo ni pé èmi náà ti béèrè ohun tó jọ ọ́ rí, nígbà tí mo kéré sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí a dúró sí. Igbó Ọ̀ṣun wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Òṣogbo, ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 75, odò náà sì ń ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ gba inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ Òṣogbo wo ni kò mọ ìtàn Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn? Omi ni wọ́n ń wá kiri tí wọ́n fi dé etí odò yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi kí wọ́n lè tẹ̀dó, igi wó sínú omi, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ohùn kan ké láti inú odò, ó ń dárò ìkòkò rẹ̀. Wọn kò rí ẹni tó ń ké. Ohùn nìkan ni wọ́n gbọ́, ohùn yẹn náà ni wọ́n sì bá mulẹ̀: àwọn yóò kó kúrò létí odò lọ sókè, òun yóò sì máa dáàbò bò wọ́n. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀. Kò sí ère kankan nínú rẹ̀. Ìkòkò tó fọ́ àti ohùn ẹni tí a kò rí, ìpìlẹ̀ ìlú náà nìyẹn.

Àwọn àlejò tó bá wọ inú igbó náà lónìí a máa rò pé láti ayé Láróòyè ni àwọn ère ńláńlá wọ̀nyẹn ti wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwa tí irun wa ń funfun yìí wà lọ́mọdé ni wọ́n mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí ó tó dìgbà náà, òkúta ló wà níbẹ̀, àti ìkòkò, ilé amọ̀ kéékèèké, pẹ̀lú ère igi tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́ kan.

Ohun tó ṣeé gbé lọ́wọ́ yẹn ló sì fa wàhálà. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, igbó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn ìjọba ìgbà náà ti gba apá kan nínú rẹ̀ fún ìdánrawò iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n gé igi, wọ́n gbin tiwọn. Àwọn ọdẹ ń yìnbọn níbi tí èèwọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn, àwọn apẹja ń da àwọ̀n sódò. Àwọn olè ń jí ère igi kó lọ fún àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́. Àwọn àwòrò ń kú, àwọn ọmọ wọn sì ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ilé òrìṣà ń wó, kò sí ẹni tó ń tún un mọ. Bí ènìyàn bá dúró níbẹ̀ nígbà náà, tó sì béèrè ìbéèrè ọmọ mi yìí, kò sí ẹni tí ìbá bá a jiyàn.

Àsìkò yẹn ni obìnrin kan láti ilẹ̀ Ọ́síríà wọ inú ọ̀rọ̀ wa. Susanne Wenger lorúkọ rẹ̀, ìlú Graz ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1915. Ọdún 1950 ló bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, dé Nàìjíríà, nígbà tí ìyẹn wá ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Ìbàdàn. Kò pẹ́ tó dé tí ikọ́ ife gbé e dè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ló pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ẹni tó mú un wọ inú ìmọ̀ òrìṣà. Yorùbá kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nígbà náà. Mo máa ń ronú sí ìyẹn dáadáa: obìnrin tó ń bọ̀ láti ẹnu ikú, tí kò gbọ́ èdè, tó jókòó ti bàbá arúgbó kan, ohun tí a kò fẹnu sọ sì ń bọ́ sí i lọ́kàn. Àdùnní ni wọ́n sọ ọ́, Àdùnní Olórìṣà. Ó tẹ̀dó sí Òṣogbo, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìtàn òyìnbó kan bo ìtàn àwọn tiwa mọ́lẹ̀. Àdùnní kò dá mọ ère kan tó tó báyẹn. Adébísí Àkànjí wà níbẹ̀, bíríkìlà ni kó tó di ẹni tí ayé mọ̀. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé wá láti ìdílé agbẹ́gilére. Sàká Àrẹ̀mú náà wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ wọ̀nyẹn dáadáa: Bùráímọ̀, Kàsálì, Sàká. Orúkọ tí lémọ́ọ̀mù fi ń sọni lọ́jọ́ kẹjọ ni, ọwọ́ àwọn tó ń jẹ́ ẹ náà ló sì tún ilé òrìṣà mọ nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ àwòrò kò yọjú. (Kí n má gbàgbé: ẹ má fi àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo bíi Twins Seven-Seven tí wọ́n jáde láti inú ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀. Ìlú kan náà ni, àkókò kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.)

Irin, sìmẹ́ńtì àti amọ̀ ni wọ́n lò. Ìdí kan tí wọ́n fi mọ wọ́n tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni pé olè kò lè gbé wọn. Ère igi tó wọ àpò ti lọ. Ó yá, kí olè wá gbé èyí tó ga ju òrùlé. Wọ́n mọ wọ́n kí wọ́n bani lẹ́rù pẹ̀lú, kí ẹni tó gbé àáké dání lè rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí igbó náà ṣe padà gba ẹ̀mí nìyẹn. Ní ọdún 1965 ìjọba sọ apá kan nínú rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò, ní 1992 wọ́n fẹ òfin náà títí ó fi ká gbogbo hẹ́kítà 75, ní 2005 sì ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò yóò rí i pé kò sí ìlà gbọọrọ kan nínú iṣẹ́ náà. Ògiri ń rìn bí ejò. Níbi tí igi bá wà, ògiri ni ó yà fún igi. Ilédì àwọn Ògbóni tó wà níbẹ̀ ní òrùlé mẹ́ta tó nà sókè. Lójú tèmi, wọ́n dà bí aláǹgbá tó gbé orí sókè tó fẹ́ mi í. Ẹnu ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Ìjàpá tó ń fò. Ìyámọ̀pó, ìyá àwọn amọ̀kòkò àti aláró, na ọwọ́ púpọ̀ sókè bí ẹ̀ka igi àràbà. Àwọn ère igi Kàsálì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gùn, ojú wọn rí tóóró bí ẹni tó ti gbààwẹ̀. Ti Bùráímọ̀ ki, wọ́n jókòó sílẹ̀ bí òkúta odò. O kò ní í mọ ibi tí igbó parí sí tí ère bẹ̀rẹ̀. Ìtàkùn ń gun orí wọn, ẹyẹ ń kọ́lé sí wọn létí, gbòǹgbò ń ti ìdí wọn. Ohun tí igbó fi kọ́ wọn ni igbó náà fi ń wó wọn.

Mo ní èmi náà ti béèrè rí. Ọdún 1977 ni, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá mi, babaláwo ni, kì í pọ̀ lọ́rọ̀. Ó mú mi lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Ojúbọ tí mo mọ̀ nílé wa kò ju òkúta mẹ́ta àti ìkòkò omi kan lọ, àti ìgbálẹ̀ tí ìyá mi fi ń gbá ibẹ̀ ní ìdájí. Mo wá dé inú igbó, mo rí ojú tó yọ gọńgọ, mo rí ọwọ́ tí n kò lè kà tán. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Mo ní, “Bàbá, ṣé òrìṣà wa nìyí ni àbí àlá òyìnbó?” N kò dá wà. Àwọn àgbà kan wà nígbà náà tí wọ́n ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé a kì í mọ ère Ọ̀ṣun báyẹn, pé omi ni Ọ̀ṣun.

Bàbá mi kò dá mi lóhùn níbẹ̀. Ìgbà tí a délé, tó gbé ọpọ́n Ifá kalẹ̀, ló pè mí. Ó fi ìka kan ojú tí wọ́n gbẹ́ sí ọwọ́ òkè ọpọ́n náà. Ó ní, “Ta ló ni ojú yìí?” Mo ní Èṣù ni. Ó ní, “Agbẹ́gilére tó gbẹ́ ẹ, níbo ló ti rí Èṣù?” Mo dákẹ́. Ó bu ìyẹ̀rosùn lé ọpọ́n, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí n sọ òótọ́, àwọn kan wà nínú àwọn ère náà tí n kò fẹ́ràn títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò pè wọ́n ní àlá òyìnbó mọ́.

Ìyẹ̀rosùn tí bàbá mi bù lé ọpọ́n lọ́jọ́ náà gan-an ni ìdáhùn tí mo kọ́kọ́ rí fún ọmọ mi. Kí ni ìyẹ̀rosùn? Igi ìrosùn ni, tí kòkòrò jẹ títí tó fi di ìyẹ̀. Ohun tí kòkòrò ti jẹ tán ni àwa fi ń ṣe ìwé. A ó tẹ Odù sí i, ojú ìlà mẹ́jọ lọ́tùn-ún àti lósì, gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ẹni tó wá dífá yóò wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó bù nínú rẹ̀ sí ẹbọ, a ó fi ọwọ́ nu ìyókù, ọpọ́n yóò tún mọ́ lau. N kò rí babaláwo kan rí tó sunkún nítorí pé Odù tó tẹ̀ lánàá kò sí lórí ọpọ́n mọ́. Ohun tó wà lórí ọpọ́n kọ́ ni Ifá. Ọ̀nà tí Ifá gbà kọjá ni. Bí ó bá di ọ̀la, ọwọ́ yóò tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo ọdún Ọ̀ṣun náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń wá, kámẹ́rà máa ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè, gbogbo wọn ń ya àwòrán ère. Ṣùgbọ́n kí ni ọdún náà dúró lé? Igbá tí Arugbá rù ni. Wúńdíá ni, láti ìdílé ọba, a bo igbá náà, kò sí ẹnì kan nínú èrò tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé ohun tí wọn kò rí lọ sétí odò, wọ́n ń bẹ̀ pé kí ọmọ náà má fẹsẹ̀ kọ. Bí gbogbo ère tó wà nínú igbó bá wó lálẹ́ ọ̀la, Arugbá yóò ṣì gbé igbá.

Àwọn ará wa tó wà ní Kúbà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa tó wà nílé lọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò gbé ère dání. Níbẹ̀, wọ́n fi Ọ̀ṣun pamọ́ sẹ́yìn ère Màríà tí àwọn Kátólíìkì ń bọ ní El Cobre. Òkúta òrìṣà wọn, inú àwo ọbẹ̀ olómorí ni wọ́n ń gbé e sí, àlejò yóò wọlé, yóò rí àwo lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò ní í mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bọ ohun tí a dé ní omorí. Lónìí, àwọn ọmọ wọn àti àwọn ọmọ Ọ̀ṣun láti Bùràsílì ń wá sí Òṣogbo lóṣù kẹjọ, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ létí odò tí àwọn baba ńlá wọn fi etí gbọ́ nìkan.

Mo ti rò pé bí mo bá sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà, yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo sọ ọ́. Ó gbọ́, ó mi orí. Ó wá ní, “Bàbá, ère ti yé mi. Omi ńkọ́?”

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀ láìpẹ́ mọ ohun tó ń sọ. Omi Ọ̀ṣun, tí a ń bù mu, tí a fi ń wẹ ọmọ, tí àwọn àgàn ń gbé sínú ìgò lọ sílé, ti pọ́n bíi omi tí a fi fọ ilẹ̀ pupa. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Odò náà ṣẹ̀ láti Ìgèdé ní Èkìtì, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo, lápá ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wa góòlù. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń wọnú Ọ̀ṣun. Àwọn aláṣẹ ti kìlọ̀ fún àwọn èrò ọdún pé kí wọ́n má mu omi náà. Ìyá kan tó jẹ́ olórìṣà, tí mo bá létí odò, sọ fún mi pé òun kò lè ṣe kí òun má mu ún, pé bí òun kò bá mu ún, kí wá ni òun wá ṣe? N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó fi kan orí nìkan. Kò dùn mọ́ mi láti sọ ọ́.

Ère kò lè dá èyí dúró. Ère lè dẹ́rù ba ẹni tó gbé àáké wọ igbó, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì sí ibẹ̀, tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ilẹ̀, kò rí ojú rẹ̀. Ìbéèrè náà sì ti wá le sí i. Ọ̀rọ̀ apá tó já ti kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ara Ọ̀ṣun gan-an ló kù.

Ibí ni mo ti padà sí ìtàn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí igi fọ́ ìkòkò aró rẹ̀, kí ni Ọ̀ṣun ṣe? Ṣé ó pa Olútìmẹ́hìn? Kò pa á. Ó ké. Àwọn tó fọ́ ìkòkò gbọ́ igbe, wọ́n kó ẹrù wọn kúrò létí odò. Bí májẹ̀mú náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹnì kan ké, àwọn kan gbọ́, wọ́n ṣí nípò. Bí etí wọn bá di ni, kì bá tí sí Òṣogbo.

Ifá náà sì sọ irú rẹ̀ nínú Ọ̀ṣẹ́túrá. Àwọn òrìṣà ọkùnrin dé ayé, wọ́n ń tún ayé ṣe, wọn kò ka Ọ̀ṣun kún. Wọn kò rí i bí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan. Ohun gbogbo tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún. Òjò kò rọ̀ dáadáa, ẹbọ kò dà, àárẹ̀ kò sàn. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ìyẹn sì bi wọ́n léèrè nípa obìnrin tó wà láàárín wọn. Wọ́n ní láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣun kò bá wọn jà ní gbangba, kò fi ọ̀kọ̀ gún ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ pé bí a bá fojú fò ó, nǹkan kì í dúró. Bí àwọn òrìṣà pàápàá ṣe ní láti rìn lọ bẹ̀ ẹ́, kí ni àwa ń dúró dè?

Mo sọ fún ọmọ náà pé òrìṣà kò gba apá rẹ̀ lọ́wọ́ òjò nítorí pé ọwọ́ Àkànjí ni apá rẹ̀, àti ọwọ́ Kàsálì, àti ọwọ́ ẹni tó ń da sìmẹ́ńtì sórí irin tó dípẹtà lọ́dún yìí. Mo ní nígbà tí omi bá pọ́n, ohun tí ó ń gbọ́ yẹn ni igbe ìkòkò aró. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ó rí i, òun ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà á.

Mo fi ewé kan hàn án kí a tó kúrò níbẹ̀. Àbámọdá ni, ó hù sí ìdí ògiri kan tó ti là. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ewé mọ̀ ọ́n. Bí ewé rẹ̀ bá já bọ́ sílẹ̀, kò ní í rà bí ti àwọn yòókù. Etí ewé náà yóò ta gbòǹgbò, èhù kéékèèké yóò yọ yí i ká, o kò bomi rin ín, o kò bo ó mọ́lẹ̀. Mo já ọ̀kan fún un. Ó fi sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ó gbìn ín.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ inú igbó náà ti darúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wàjà. Àwọn ọmọ wọn àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ló ń tún àwọn ère náà ṣe díẹ̀díẹ̀, bí owó bá ṣe wá àti bí òjò bá ṣe gbà. Bí wọ́n bá tún ọ̀kan ṣe, igi yóò ti wó lu òmíràn. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń po amọ̀ níbẹ̀, mo bi í bóyá kò sú u. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè bóyá oúnjẹ sú u.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi rí ọmọ tèmi yìí lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo ti ń rò ó pé ìyá rẹ̀ ti borí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló pè mí lórí fóònù. Ó ní ìyá ìyá òun bọ Ọ̀ṣun nígbà ayé rẹ̀, pé ojúbọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé ilé wọn, ògiri kan ti wó, wọ́n sì ti fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé adìẹ. Ó ní òun bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá òun kí wọ́n ní sùúrù. Ó wá ń béèrè bóyá àpò sìmẹ́ńtì méjì yóò tó.

Mo ní kó má tíì ra sìmẹ́ńtì. Kó kọ́kọ́ wá òkìtì ọ̀gán tó wà nítòsí, amọ̀ rẹ̀ máa ń di ara wọn mú. Kó da omi sí i, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èmi yóò mú ọkọ́ wá láti ilé.